Àwọn Tí Ń Gbafẹ́ Nínú Òtútù

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí bàbá Gẹ̀ẹ́sì kan létí òkun ìlú rẹ̀ lè rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Afẹ́fẹ́ ń gbá iyanrìn sí i lójú, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, àwọ̀ òkun ò sì yàtọ̀ sí ti omi tí wọ́n fi ṣan abọ́. Síbẹ̀, bàbá náà nà gbalaja sórí àga aláṣọ, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò dé orúnkún, kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń mu tíì látinú fúláàsìkì. Ìyàwó rẹ̀ ti fi aṣọ àti igi ṣe ọgbà kékeré yí wọn ká kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn lọ. Àwọn ọmọ wọn ń gbẹ́ iyanrìn, wọ́n ń gbọ̀n. Ẹ bi í pé báwo ni nǹkan, yóò ní ìgbádùn gidi ni. Kò purọ́.

Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá darúgbó tán, ohun tó máa ń rántí nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní Ìlú Ọba. Ẹ dá ọ̀rọ̀ Blackpool sílẹ̀, tàbí Margate, tàbí Skegness: arúgbó tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé tí wọ́n dé sí, iye tí wọ́n san láti gun kétékété lórí iyanrìn, àti ẹni tó kọ́kọ́ rí òkun látojú fèrèsé ọkọ̀ ojúurin.

Òkun ò ṣòroó rí níbẹ̀. Erékùṣù ni, kò sì síbi tó jìnnà sí etí omi ju nǹkan bí 70 máìlì lọ. Àmọ́ láyé àtijọ́, apẹja àti atukọ̀ ló ni òkun. Ẹni tí iṣẹ́ ò bá gbé débẹ̀ kì í débẹ̀. Àwọn oníṣègùn ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní Scarborough, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, omi ìsun kan tó wà létí òkun ni wọ́n kọ́kọ́ ń mu bí àgbo. Nígbà tó di 1750, Richard Russell, dókítà kan ní Lewes, gbé ìwé jáde pé omi òkun fúnra rẹ̀ ń wo àrùn: kí aláìsàn wẹ̀ nínú rẹ̀, kó sì mu ún pẹ̀lú. Àwọn olówó rọ́ lọ sí ìlú apẹja tí a mọ̀ sí Brighton lónìí.

Wọn kì í kàn bọ́ sómi bí ẹja nígbà náà. Yàrá onígi kékeré tó ní kẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀ ni ẹṣin máa ń fà wọnú òkun. Inú rẹ̀ ni ìyáàfin ti ń pààrọ̀ aṣọ, ẹnu ọ̀nà tó kọjú sómi ló sì ń gbà sọ̀ kalẹ̀, kí ojú ọkùnrin kankan má baà kàn án. Àwọn obìnrin abara-bí-irin kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti di aláìsàn mú kí wọ́n sì rì í bọ omi. Martha Gunn ló lókìkí jù nínú wọn ní Brighton. Nígbà tí Ọba George Kẹta lọ wẹ̀ ní Weymouth ní 1789, àwọn olórin ti sá pamọ́ sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ kan. Bí orí ọba ṣe wọ omi ni wọ́n bú sórin ìyìn. Àwa tí a ń fi ìlù jí ọba láàfin ò ní í rí àléébù nínú ìyẹn.

Ọkọ̀ ojúurin ló gba òkun lọ́wọ́ olówó. Ní 1841 ló dé Brighton láti Lọ́ńdọ̀nù, ní 1846 ló dé Blackpool. Ní 1871, ìjọba ṣe òfin tó fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní ọjọ́ ìsinmi mélòó kan lọ́dún, gbogbo ìlú sì bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn arúgbó yẹn ń ṣàárò gan-an, Blackpool ni ká lọ, ká sì bá ọ̀nà ìlú òwú dé ibẹ̀.

Oldham, Bolton, Burnley àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ní Lancashire, òwú ni wọ́n ń ran tí wọ́n sì ń hun nígbà náà. Púpọ̀ nínú aṣọ tí àwọn ìyá ńlá wa ń rà lọ́jà Èkó àti Ìbàdàn láyé ìjọba òyìnbó, ibẹ̀ ló ti ń wá. A wọ̀ ọ́, a ò mojú ẹni tó hun ún. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ nínú àwọn fákítọ́rì náà débi pé ètè ara wọn ni àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń wò kí wọ́n tó lè gbọ́ra wọn yé. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gbogbo fákítọ́rì ìlú kan á ti ilẹ̀kùn pa fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Wakes ni wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ náà, ọdún ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló ti ṣẹ̀. Ẹ̀rọ á dákẹ́, èéfín á dá, àdúgbò á dá páropáro. Ìlú kan á lọ lọ́sẹ̀ yìí, òmíràn á lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa parí. Ọkọ̀ ojúurin kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ẹni tó ń gbé lójúlé kẹta sí ọ nílé ló tún gbé àga kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní Blackpool, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ ń jà sí korobá kan.

Owó ńkọ́? Títí di 1938 tí wọ́n ṣòfin pé kí òṣìṣẹ́ máa gba owó nígbà ìsinmi, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í rí kọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ tí fákítọ́rì bá ti ilẹ̀kùn. Àjọ ni wọ́n ń dá. Ní fákítọ́rì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ọtí, wọ́n á máa dá sísì tàbí ṣílè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì kó o nígbà tí Wakes bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó ti dá àjọ rí mọ̀ pé owó tí èèyàn fi ọdún kan kó jọ kì í ṣe owó tí a ń jẹ́ kí òjò bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí bàbá orí àga aláṣọ ò fi ní í dìde nílẹ̀.

Blackpool mọ irú owó bẹ́ẹ̀ ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ní 1894 ni wọ́n ṣí ilé ìṣọ́ onírin ńlá tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 518, Eiffel ti Paris ni wọ́n wò kọ́ ọ. Wọ́n fi sákọ́ọ̀sì sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn ijó tí òrùlé rẹ̀ ń dán gbinrin. Láti 1879 ni wọ́n ti gbé iná mànàmáná sójú títì etí òkun, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń tan àtùpà. Ọgbọ́n wà nínú iná yẹn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá parí tó yẹ kí àlejò máa lọ sílé, wọ́n á tan iná aláràbarà sí etí òkun fún ọ̀pọ̀ máìlì, àlejò á sì tún padà wá wò ó.

Ìyá onílé àlejò ló ń ṣàkóso ìyókù. Nígbà kan, àlejò ló ń ra ẹran àti ẹ̀fọ́ tirẹ̀ lọ́jà, ìyá onílé á bá a sè é, á gba owó yàrá. Àwọn tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń sọ pé ó ń gba owó iyọ̀ àti ata orí tábìlì pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti jẹun àárọ̀ tán, ẹ jáde. Ẹ ò gbọdọ̀ padà títí di àkókò oúnjẹ, òjò ì báà rọ̀, ó ì báà dá. Mo gbà pé ìdí kan nìyẹn tí àgọ́ onígíláàsì fi tò lọ rẹrẹ létí òkun wọn: ẹni tí wọ́n lé jáde gbọ́dọ̀ ríbi yà sí. Irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ kan ní Margate ni akéwì T. S. Eliot ń jókòó sí ní 1921 nígbà tí ara rẹ̀ ò yá, ibẹ̀ ló sì ti kọ apá kan nínú *The Waste Land*.

Ohun tí wọ́n ń mú bọ̀ wálé fún aládùúgbò ni rọ́kì, súwíìtì gbọọrọ tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sínú rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ẹni tí kò bá tíì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é á rò pé idán ni. Ṣúgà àti gúlúkóòsì ni wọ́n ń sè títí á fi ki, wọ́n á dà á sórí tábìlì irin. Wọ́n á gé apá kan, wọ́n á pa á láró pupa. Apá tó pọ̀ jù ni wọ́n á gbé kọ́ ẹ̀rọ alápá irin tó máa ń fà á, tó máa ń ká a, tó sì tún máa ń fà á, títí afẹ́fẹ́ á fi wọ inú rẹ̀ tí á sì funfun báláú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi pupa àti funfun mọ lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn onígun bí E àti L ni wọ́n ń ṣáájú mọ, torí wọn kì í tètè wó. O àti C tó rí roboto ló ń gbẹ̀yìn, kí wọ́n má baà tẹ́ pẹrẹsẹ kó tó kàn wọ́n. Wọ́n á to gbogbo rẹ̀ yí àárín funfun ká, wọ́n á fi pupa wé e lára. Ó ti di ìtì ńlá tí èèyàn méjì á jọ gbé. Ẹ̀rọ á máa yí i, òṣìṣẹ́ á máa fà á jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe ń gùn ló ń tín-ín-rín, lẹ́tà tó ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ á sì kéré ju èékánná. Ibi yòówù kí o ti kán an, BLACKPOOL ló wà níbẹ̀.

Wọ́n tún ń fi pósíkáàdì ránṣẹ́. Donald McGill fi ọ̀pọ̀ ọdún ya aláwàdà nínú wọn: ìyàwó gbọ̀ngbọ̀nràn, ọkọ tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ pé méjì. Ní 1954, tó ti di ẹni ọdún 79, ilé ẹjọ́ kan ní Lincoln ní kó san £50 owó ìtanràn pé àwòrán rẹ̀ ń ba ìwà jẹ́. Lónìí, àwọn olówó ń ra àwòrán náà kọ́ sára ògiri.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ sétí òkun, píà ló ya èmi lẹ́nu jù: afárá gígùn tó wọnú òkun lọ tí kò sì dé ìlú kankan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ti Ryde, tí wọ́n ṣí ní 1814, ni wọ́n kọ́ kí èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi láìrìn nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, rírìn lórí rẹ̀ lásán di ìgbádùn. Ti Southend ló gùn jù lágbàáyé nínú irú rẹ̀, ó lé ní máìlì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, ọkọ̀ ojúurin kékeré sì ń rìn lórí rẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Iná àti ìjì ni ọ̀tá píà. West Pier ti Brighton, tí wọ́n ṣí ní 1866, tì pa ní 1975; iná jó o ní 2003, egungun irin rẹ̀ nìkan ló dúró sínú omi báyìí.

Èmi ò ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé nìkan. Láti nǹkan bí 1955, ọ̀pọ̀ òbí wa tó lọ kọ́ òfin, ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ò ríbi fi ọmọ sí. Onílé ò fẹ́ ọmọ, àwọn fúnra wọn ń ṣiṣẹ́ lóru, wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án. Wọ́n á fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn *Nursery World*, ìyá òyìnbó kan á kọ lẹ́tà padà láti Kent tàbí Sussex tàbí Essex, wọ́n á sì gbé ọmọ lọ bá a. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀. Báyìí ni èmi náà ṣe mọ etí òkun Sussex kí n tó mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú.

Náànì ni mo ń pe ìyá tó gbà mí tọ́. Ó fi òwú hun aṣọ ìwẹ̀ fún mi. Bó bá ti wọ omi, á wúwo, á fà dé orúnkún, n ó sì máa fi ọwọ́ kan dì í mú. Lọ́jọ́ Àìkú tí Mọ́mì àti Dádì bá wá láti Lọ́ńdọ̀nù, Mọ́mì á wé gèlè, á gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata wá, a ó sì lọ jẹ ẹ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́ létí omi. Ojú gbogbo èèyàn á wà lára wa. Náànì á ní kí n sáré bọ́ sómi. Mọ́mì á ní kí n dúró síbi tí mo wà. Lójú tirẹ̀, òkun kì í ṣe ohun àmúṣeré, ẹni tó ni ín wà nínú rẹ̀. Ọmọ ìjọ ni o, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí omi náà kan òun lẹ́sẹ̀. Àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wọn. Èmi á dúró sáàárín, omi dé kókósẹ̀, ọwọ́ á wà lára ṣòkòtò.

Adùn ni tèmi. Ti gbogbo wa ò rí bẹ́ẹ̀. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí ayé mọ̀, ni wọ́n fi sọ́dọ̀ òyìnbó ní Tilbury ní Essex. Fíìmù rẹ̀ *Farming*, tó jáde ní 2018, sọ ìyà tó jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ìtàn etí òkun òyìnbó gbọ́dọ̀ rántí pé láwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ilé àlejò ni kì í gba aláwọ̀ dúdú, bí yàrá tilẹ̀ ṣófo. Àwọn òyìnbó tó kun ojú ní dúdú, tí wọ́n ń jó tí wọ́n ń ṣe bí òmùgọ̀, wà lára eré tí wọ́n ń ṣe lórí iyanrìn láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Tẹlifíṣọ̀n BBC gbé irú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ láti 1958 títí di 1978. Arúgbó tó ń sọ ti kétékété àti rọ́kì kì í sábà fi ìyẹn kún un. Ẹ dákun, ẹ bá a fi kún un.

Ohun tó pa etí òkun náà ò le láti mọ̀: oòrùn ni. Ní 1950, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Vladimir Raitz kó àwọn àlejò díẹ̀ sínú bàálù lọ sí Corsica, wọ́n sùn nínú àgọ́, wọ́n jẹ ẹran, wọ́n mu wáìnì, owó kan ṣoṣo ló bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi dé, òṣìṣẹ́ fákítọ́rì lè lọ sí Spain ní iye tí kò ju ti ọ̀sẹ̀ kan ní Blackpool lọ púpọ̀, òjò ò sì ní í pa á. Ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojúurin ti tì pa lẹ́yìn ìwé tí Dókítà Beeching, ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojúurin, kọ ní 1963. Fákítọ́rì òwú náà kógbá wọlé, Wakes sì bá a lọ. Àwọn ilé àlejò di yàrá-yàrá tí wọ́n ń yá àwọn tí kò níbòmíràn lọ.

Jaywick ní Essex ni kí ẹ wò. Láwọn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ilé pẹ́pẹ̀pẹ́ síbẹ̀ fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ gbafẹ́ lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 2010, ní 2015, ní 2019, nígbà tí ìjọba ka àwọn àdúgbò tí ìṣẹ́ ti ń ṣẹ́ àwọn èèyàn jù ní England, Jaywick ló wà lókè pátápátá. Ní 2021, Chris Whitty, ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba, kọ ìròyìn kan pé àìsàn pọ̀ létí òkun ju àwọn ibi tí kò sí létí òkun lọ, dókítà ò sì tó wọn. Ibi tí wọ́n ti ń wá ìwòsàn nígbà kan ló wá di ibi àìsàn.

Àwọn kan ń sọ pé etí òkun ti ń jí padà. Ní 2011, Margate ṣí ilé àwòrán Turner Contemporary, àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà láti Lọ́ńdọ̀nù sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Inú mi dùn sí i, àmọ́ owó ilé ti gun òkè, ọmọ onílùú tó ń ta ẹja dídín ò sì lè háyà ilé níbi tí wọ́n bí i sí mọ́. Tó bá jẹ́ àárò nìkan ló ń kọ́lé síbẹ̀, àlejò ni yóò máa gbé inú rẹ̀.

Àwa tí a mọ Bar Beach láyé ijọ́un ní ẹ̀tọ́ sí àárò etí òkun: iyanrìn tí a jókòó sí ti wà lábẹ́ Eko Atlantic. Tiwọn wà níbẹ̀. Iyanrìn ò lọ, kétékété ò lọ, wọ́n ṣì ń fa rọ́kì. Ohun tó lọ ni ọ̀sẹ̀ tí odindi ìlú fi ń sinmi pa pọ̀ pẹ̀lú owó àjọ lápò, tí ọ̀gá ò sì lè pe ẹnikẹ́ni padà síbi iṣẹ́ torí pé ẹ̀rọ ti dákẹ́. Èyí ni mo rò pé arúgbó yẹn ń wí nígbà tó bá ń darúkọ Blackpool.

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìjọ àti ẹgbẹ́ yín ti ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Southend àti Margate lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lẹ́yìn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń fowó pa mọ́ de Dubai, ọkọ̀ ojúurin láti Fenchurch Street gba nǹkan bí wákàtí kan péré dé Southend. Ẹ rìn dé ìparí píà. Ẹ ra ẹja dídín lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ìlú náà, owó yín wúlò fún un ju fún ilé ìtura Dubai lọ. Ẹ ṣọ́ ẹyẹ òkun, olè ni. Kí ẹ sì mú kóòtù dání, bó ti wù kí oòrùn ràn tó nígbà tí ẹ ń kúrò nílé.